Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo La Pè É

Yàrá mẹ́ta ló wà nílé wa ní Randburg. Mọ́mì ń sùn nínú ọ̀kan, èmi ń sùn nínú èkejì. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọṣọ, páálí àti ẹrù àtijọ́ ló kún inú rẹ̀ láti ìgbà tí àbúrò mi ọkùnrin ti lọ sí Kánádà. Bàbá tó bí Mọ́mì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, gbé ìlú Johannesburg yìí ju ogún ọdún lọ, kò sì sùn nínú yàrá yẹn rí. Jeppestown, lápá kejì ìlú náà, ló kú sí, nínú yàrá tó fi pákó kàn fún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ń dùn mí, n kò sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Èèyàn jẹ́jẹ́ wo? Bàbá Àgbà lè bá ìṣó jà. Ó ń bá tíì tí kò gbóná tó jà, ó ń bá agboòrùn jà, ó sì ń bá wòlíì ìjọ wọn jà. Ìjọ náà ń jọ́sìn nínú gbọ̀ngàn kan ní Berea. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn débẹ̀ láti Jeppestown, á wọ sùtánà funfun, á sì fi ọ̀rá gbé bàtà rẹ̀ dání bí ó bá ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àdúrà bá ti gùn jù, á dìde lórí eékún rẹ̀, á jókòó sórí àga níṣojú gbogbo ìjọ. Wòlíì bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Ó ní, “Ọlọ́run ti gbọ́ láti ìṣẹ́jú kẹwàá, sà.”

Ṣùgbọ́n ẹni tó lágídí tó báyẹn, bí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, ojú a máa tì í bí ìyàwó tuntun. Bí ó bá wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, Mọ́mì á ní, “Bàbá, ẹ wá jẹun.” Á ní, “Mo ti jẹun.” Irọ́ gbuu ni. A mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ fún un. Mọ́mì á tún pè é, á ní, “Ẹ má ṣe wàhálà.” Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á mí kanlẹ̀, á ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá, á wá jẹ àwo ìrẹsì méjì láìgbójú sókè. Àbúrò mi máa ń fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kan ó sú mi, mo ní, “Grandpa, just say yes!” Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí n jẹun ni, àbí ẹ kàn ń kí mi? Ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó jókòó.”

Káfíńtà ni. Ní Iléṣà, ibùsùn àti ilẹ̀kùn ló ń kàn. Nígbà tó dé ìhín, ó rí i pé àwọn èèyàn kò wá ibùsùn, ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹ sí ni wọ́n ń wá. Ìlú ń kún. Wọ́n ń bọ̀ láti Limpopo, láti Sìmbábúwè, láti Màláwì, àwọn mìíràn sì wà tí ogun lé kúrò ní Kóńgò, tí wọn kò mú ju ọmọ àti ọ̀rá aṣọ kan lọ. Ilé kò sí. Àwọn kan ń fi páànù kọ́lé sí etí ojú irin, àwọn tó kù ń wọ inú ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ti kó kúrò nínú wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni kan á gba gbọ̀ngàn ńlá kan, á wá pe Bàbá Àgbà kó wá fi pákó pín in sí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Iṣẹ́ tó ṣe títí tó fi darúgbó nìyẹn. Àìmọye èèyàn ló ń sùn sẹ́yìn pákó tó kàn, tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kò ní kan yàrá kankan tí kò ní fèrèsé. Bí gbọ̀ngàn bá ní fèrèsé mẹ́rin, yàrá mẹ́rin ló máa kàn, kò ní jẹ́ márùn-ún. Aṣojú onílé kan, ọkùnrin tó máa ń na ìka sí èèyàn lójú, ní kó fi méjì kún un láàárín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àkàrà òyìnbó ni mo gbé wá fún un. Ọkùnrin náà ní, “Baba, they only come to sleep. Kò séwu.” Bàbá Àgbà ń ká tépù ìwọ̀n rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà pariwo, ó ní àwọn káfíńtà pọ̀ ní Jeppestown. Bàbá Àgbà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Ẹlòmíràn ló kan méjì yẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, inú ń bí i débi pé èdè Ìjẹ̀ṣà ló ń bá ara rẹ̀ sọ, kó tó rántí pé mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó máa sùn síbẹ̀ yẹn ní imú.”

Òfin kejì jẹ mọ́ bóòtì, irin kékeré tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú. Kò sí yàrá tó kàn tí kò fi bóòtì sí, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè fi èjìká wó o. Mo bi í pé kí wá ni ìwúlò rẹ̀. Ó ní kì í ṣe olè lòun ń rò. Ó ní nígbà tóun kọ́kọ́ dé ìlú yìí, èèyàn mọ́kànlá ni àwọn jọ sùn nínú yàrá kan, òun kò sì lè sunkún fún odidi ọdún kan nítorí kò síbi tóun lè sunkún sí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ìṣó tó wà nínú agolo. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bó o bá lè tì í láti inú, ìwọ lo ni ín títí ilẹ̀ á fi mọ́.”

Èmi náà ń ṣiṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n inú ìwé ni tèmi wà. Mò ń yàwòrán ilé fún àwọn tó ń kọ́lé ní apá àríwá ìlú. Mo gbé ọ̀kan lọ fi hàn án nígbà kan, mo fẹ́ kó yìn mí, mi ò ní purọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì kó tó fọwọ́ kàn án.

“Àjíkẹ́, kí nìyí?”

“Ibi tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò sí ni, Bàbá.”

“Mọ́tò mélòó?”

“Méjì.”

Ó fa tépù yọ, ó fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀, ó wọn ibi tí mọ́tò méjì máa gbà, ó wá pín in sí yàrá bó ṣe máa ń pín in. Ìdílé mẹ́fà ló gbà, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé òtútù máa ń mú mọ́tò ni?” Inú bí mi. Mo ká ìwé mi, n kò sì gbé òmíràn lọ fi hàn án mọ́. Ní báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá fa ilà ibi tí mọ́tò máa wà, ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́.

Ọdún tó kọjá, nígbà òtútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo lọ fi mọ́tò gbé e wá sí Randburg lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó kọ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó dìde pé òun fẹ́ fọwọ́, ó ṣi ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Mo bá a níbẹ̀, ó dúró sójú ọ̀nà, ó ń wo àwọn páálí.

“Ta ló ń sùn síbí?”

“Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ẹrù ló wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ó ní. “Ẹrù náà ríbi sùn.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bú mi. Ó fi àtàǹpàkò kan férémù ilẹ̀kùn, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti ara férémù dé etí ilẹ̀kùn, ó yọ pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó kọ nǹkan sínú bébà kékeré kan. N kò kà á sí. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, kò sẹ́ni tó lè kí i kó má wo ẹyinjú onítọ̀hún bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé. Mo rò pé bí káfíńtà náà ṣe ń wo ilẹ̀kùn nìyẹn.

Mọ́mì wá bá wa níbẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti òru. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò ṣe kúkú kó wá síbí? Ikọ́ yẹn ò dáa.”

Bàbá Àgbà wo ilẹ̀. “Ẹ má ṣe wàhálà nítorí tèmi. Ibi tí mo wà dáa.”

“Ó dáa, sà,” ni Mọ́mì wí.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ká tètè máa lọ kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà.

A dé róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀, èyí tó kẹ́yìn kí a tó wọ Jeppestown. Iná pupa dá wa dúró. Ó ní, “Yàrá yẹn gbẹ. Kò rin.” Mo ní, “Eish, Bàbá, eruku ló kún ibẹ̀.” Iná di àwọ̀ ewé, mo tẹ mọ́tò. Ó ní, “Eruku ṣe é gbá.” Mo gbọ́ ọ dáadáa, bí mo ṣe ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, mo sì tan rédíò.

Ìrẹsì la pè é sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yàrá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la pè é sí. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé “rárá” tí ẹni yẹn kọ́kọ́ sọ kì í ṣe rárá, mo ti rí àbúrò mi tó ń fi ìka kà á. Ó tún wá sílé wa nígbà mẹ́fà tàbí méje lẹ́yìn ọjọ́ náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí kò bá lè wá, á pè wá lórí fóònù ní agogo mẹ́rin, kò sì ní ní nǹkan gidi láti sọ. Á bi mí bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ẹni pé Randburg wà lókè òkun. Bí mo bá ní, “Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?” á ní, “Kò sí. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn yín.” Èmi á ní, “Shap, Bàbá, ó dáa,” ó tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù ọdún yìí ni Màmá Béátíríìsì pè wá. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni, ogun ló lé e kúrò ní Kóńgò, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Àgbà ló ń gbé. Lójoojúmọ́ ló ń gbé tíì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn, bóòtì sì wà nínú. Wọ́n ní láti yọ pákó tó wà láàárín yàrá tirẹ̀ àti ti Bàbá Àgbà kí wọ́n tó lè wọlé. Orí ibùsùn ni wọ́n bá a, ó ti wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Mọ́mì lọ kó ẹrù rẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gòkè dé yàrá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ni mo máa ń já a sí. Yàrá tí mo rántí ní fèrèsé ńlá, tábìlì àti àga méjì. Èyí tí mo bá kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ, ògiri rẹ̀ ń kán omi, kò sì ní fèrèsé kankan. Mo ní, “Ṣé ibí náà ni?”

Màmá Béátíríìsì ló sọ fún wa. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, díẹ̀díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun àti àwọn ọmọ dé ilé yẹn, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń sùn. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n wá gba ìdajì yàrá òun. Òun ní rárá, àwọn kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá Àgbà tún padà wá ní ìrọ̀lẹ́, òun ní rárá. Lọ́jọ́ kejì, òun rí i tó gbé ayùn dání, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó.

“Mo ní, Papa, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ṣe oore tó báyìí fún wa? Ó bínú sí mi. Ó ní, ‘Kì í ṣe oore. Yàrá yìí tóbi jù. Ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́ níbẹ̀.’”

Apá tí fèrèsé wà ló fún wọn. Bàbá tó gbé àpótí rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ nítorí fèrèsé, kò tẹ òfin rẹ̀ lójú fún aṣojú onílé, ara rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ ẹ́ lójú fún. Ibẹ̀ ló ti ń wúkọ́. Ibẹ̀ ló ti ń pè wá láti bèèrè òjò.

Mo ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ayùn, òòlù, tépù, gbogbo wọn wà ní àyè wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí bóòtì tuntun kan tó fi bébà wé. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́ sára bébà náà, lẹ́tà ńláńlá: RANDBURG. YÀRÁ Ẹ̀YÌN. Ìwọ̀n ilẹ̀kùn wa sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé e fún Mọ́mì. Ó jókòó sórí ibùsùn bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé, “Ká ní Bàbá fẹ́ wá ni, ì bá sọ.” Mo rò pé yóò tún sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé kò tíì kọ̀. Ó rẹ̀ mí ni. Mo ní bó bá tún wá, màá tún pè é.” Mo fẹ́ bínú sí i, n kò rí ìbínú náà, nítorí èmi ni mo wakọ̀.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, mo yíjú sí Màmá Béátíríìsì. A ti gbọ́ pé aṣojú onílé ibẹ̀ fẹ́ dá pákó tí wọ́n yọ padà, kó fi ẹlòmíràn sí ibi tí Bàbá Àgbà wà. Mo ní, “Màmá, yàrá kan wà nílé wa. Ẹ kó àwọn ọmọ wá.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní rárá, o ṣeun. Mo dúró. Mo tún ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ó ní fèrèsé.” Ó ní rárá, ọmọ mi. Mo ní lẹ́ẹ̀kẹta, “Mi ò kàn ń kí yín o. Ẹ wá.”

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kò jìnnà síbẹ̀, ibi tó ti ń dirun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ará Kóńgò ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó ní, “Ìsinsìnyí ni mo wá kọ̀ lóòótọ́. O ṣeun tó o bi mí tán.”

Ní Sátidé, mo kó àwọn páálí jáde, mo gbá yàrá náà. Kò gbà mí ju wákàtí kan lọ. Mo fi irinṣẹ́ Bàbá Àgbà kan bóòtì mọ́ ilẹ̀kùn. Ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n mo kàn án wọ́, òun ì bá bá mi jà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Mo wọlé, mo tì í láti inú, mo jókòó sílẹ̀ níbi tí ibùsùn ì bá wà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sẹ́ni tó rí mi.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Mọ́mì kan ilẹ̀kùn. Ó ní, “Àjíkẹ́, wá jẹun.”

N kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Mo ní, “Mo ti jẹun.”

Ó ní, “Ó dáa,” mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà lọ sí kíṣìnnì. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń retí kó tún padà wá pè mí.